Ìlà Pupa Ojú Mítà Bàbá Ilario

Ọkọ mi, Gavan Sorley, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ nípa fíúsì ilé wa tó ń rùn bí ohun tó fẹ́ jó. Bàbá mi ní kí n fẹ́ ẹ. Ó ní ọkùnrin tó gbọ́ òórùn fíúsì níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó kò ní jẹ́ kí ilé jó mọ́ ọmọ òun lórí. Títí di òní, ilé mi kò jó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì pọ̀ níbẹ̀ náà.

Iṣẹ́ iná ni Gavan ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti ìlú Ayr kọjá afárá odò Burdekin dé ìlú Home Hill, ìrèké ni gbogbo wa ń jẹ, ìrèké náà ló ń rán àwọn ọmọ wa níléèwé, omi sì ni ìrèké ń mu. Kò sí oko tí kò ní pọ́ńpù, mi ò sì rò pé pọ́ńpù kan wà tí Gavan kò tíì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ rí. Láti bí ọdún mẹ́wàá báyìí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì pọ́ńpù látijọ́, tí wọ́n ń fi àpótí tuntun rọ́pò rẹ̀. Ti àtijọ́, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì á fò sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Àpótí tuntun á rọra gbé e dìde, á sì mú un sáré mọ ní ìwọ̀n tí o bá pa láṣẹ. Gavan fẹ́ràn àwọn àpótí yìí kọjá bó ṣe yẹ. Mo ti bá a tó ń ka ìwé wọn lórí ibùsùn, mo sì bi í bóyá kí n kó lọ sí yàrá kejì kí n má baà dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Ìwà kan wà tí kò fi sílẹ̀ rí. Gbogbo àpótí tó bá tò, ó máa ń fi pẹ́ńsù kọ ètò tó fi sínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀: ohun tó yàn, ìdí tó fi yàn án, ọjọ́, àti lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn òun kò gbọdọ̀ máa méfò. Mo sọ fún un pé ṣebí òun náà ló ń tún un ṣe lẹ́yìn ara òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà kò gbọdọ̀ máa méfò.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan bẹ́ẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Inú àgọ́ pọ́ńpù Bàbá Ilario Bressan ló wà.

Bàbá Ilario ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin nígbà náà. Abúlé kan náà ni òun àti bàbá mi ti wá láti Ítálì, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé wọn dé, àdá kan náà ni wọ́n sì jọ fi gé ìrèké kí ẹ̀rọ ìgérèké tó dé. Pierina ìyàwó rẹ̀ ti kú. Renzo, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló ń dá oko náà báyìí. Iṣẹ́ tó kù sí Bàbá lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: pọ́ńpù etí adágún. Ní àràárọ̀ ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ àgọ́, yóò gbé tíì rẹ̀ dání nínú fúláàsì, yóò sì lọ jókòó ti pọ́ńpù náà lórí àga onírin kan títí omi yóò fi dé ìparí poro.

Ojú rẹ̀ kò dára mọ́. Àìsàn kan mú un tó jẹ́ pé àárín ohun tó bá tẹjú mọ́ ló máa ń pòóra. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tó ń rí. Kò lè ka ìwé. Bó bá wò ọ́ tààrà, o ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà, bó bá fẹ́ rí ọ, ńṣe ni yóò gbé ojú kúrò lára rẹ, yóò máa wo ògiri tàbí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí kò mọ̀ ń sọ pé ìgbéraga ti wọ arúgbó yìí lára. Mo ti fún obìnrin kan lésì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì kí mi dáadáa látìgbà náà. Kò dùn mí.

Mítà kan wà lára ohun ìtanná àtijọ́ inú àgọ́ náà, èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago. Lọ́dún tí Renzo gba oúnjẹ Olúwa àkọ́kọ́, Pierina fi ọ̀dà èékánná rẹ̀ fa ìlà pupa kan sí ojú gíláàsì mítà yìí, torí òun náà máa ń jókòó ti pọ́ńpù nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà nídìí ìrèké. Bí ọwọ́ mítà bá wà lórí ìlà, omi kún ẹnu pọ́ńpù, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ iná bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà ní ojúoró ní í lékè omi, ṣùgbọ́n ojúoró adágún wa kì í lékè lásán, ó tún máa ń dí páìpù lẹ́nu. Bó bá ti dí i, afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù á máa mu. Iṣẹ́ á fúyẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, iná tó ń jẹ á dín kù, ọwọ́ mítà á sì sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ìlà. Bàbá á paná, á mú ohun tó fi ń kó ewé, á lọ fa ojúoró kúrò. Àìsàn ojú rẹ̀ kò dí èyí lọ́wọ́, torí ọwọ́ mítà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà. Ibi tó fì sí ni o máa wò, ẹ̀gbẹ́ ojú sì tó fún ìyẹn.

Nígbà tí Renzo ra àpótí tuntun, nọ́ńbà pupa wẹ́wẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Bàbá bẹ Gavan pé kó dákun bá òun fi mítà ọlọ́wọ́ sí i. Ti àtijọ́ kò bá àpótí náà mu, ni Gavan bá wá òmíràn tó tó o lọ́gbọọgba. Ó lo odindi ọjọ́ Sátidé kan lórí tábìlì ìdáná mi, ó ń fi ayùn wẹ́wẹ́ rẹ́ etí gíláàsì àtijọ́ kó lè wọlé sójú mítà tuntun, kí ìlà Pierina má baà sọnù. Lára àpótí yìí, ojú méjì wà tí wọ́n ń so wáyà irú mítà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ ni wàá sọ fún àpótí ohun tó yẹ kí ọwọ́ mítà máa fi hàn, wàá sì tún ibi tó máa dúró sí ṣe díẹ̀díẹ̀. Gavan tún un ṣe títí ọwọ́ náà fi dúró géérégé lórí ìlà pupa. Bàbá gbójú sí ẹnu ọ̀nà kó lè rí i. Ó ní, "Ó ti dé ibi tí Pierina fi í sí." Mo jáde lọ síta, mo ní eérú ìrèké tí wọ́n ń jó lóko ló kó sí mi lójú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Renzo pè wá. Pọ́ńpù ti jóná nínú. Ojúoró dí páìpù, pọ́ńpù mu afẹ́fẹ́ fún odindi wákàtí kan, rọ́bà tó ń dí omi mọ́ ọn nínú yọ́ bí àbẹ́là, bàbá rẹ̀ sì jókòó níwájú mítà, kò ṣe nǹkan kan. Bàbá ń búra pé ọwọ́ mítà kò kúrò lórí ìlà. Renzo ní kí ni òun fẹ́ gbọ́ nínú ìyẹn, ṣebí gbogbo ayé mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ àgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àyè ti ṣófo nílé àwọn arúgbó ní Ayr, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa mú un lọ, nítorí tí kò bá ti lè dúró ti pọ́ńpù mọ́, kí ló kù tó máa máa ṣe láàárín oko, kó ṣubú sínú adágún ni? Gavan kàn ní kó fún òun láyè kí òun kọ́kọ́ wá yẹ àpótí wò.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí èjìká ọkọ mi lákòókò náà, kò lè wa ọkọ̀, èmi ni mo wà á lọ. Ọjọ́ Jímọ́ ni. Mẹkáníìkì ti fi rọ́bà tuntun sínú pọ́ńpù. Renzo ṣí àgọ́ fún wa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì padà lọ sídìí katakata rẹ̀. Gavan tan pọ́ńpù, ọwọ́ mítà rọra gòkè, ó dúró lórí ìlà. Ó bọ́ síta, ó yí ohun tó ń ti ẹnu páìpù díẹ̀, ó padà wọlé. Ó ní ìró pọ́ńpù ti yí padà díẹ̀, èmi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ọwọ́ mítà kò mira. Ó yára paná, ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ ẹ̀yìn ọkọ mi ju ojú rẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ka ohun tó fi pẹ́ńsù kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn: *Mítà: eré. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. G.S.*

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún fádà. Bí àwọn àpótí yìí bá ti ilé iṣẹ́ wọn dé, eré ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń ní kí ọwọ́ mítà fi hàn. Àwọn àgbẹ̀ tó kù fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí eré ni wọ́n ń dín tí wọ́n ń fi kún, ọwọ́ òun sì ti mọ́ ọn. Òun kò ronú sí i. Ṣùgbọ́n àwa la ń pàṣẹ eré fún àpótí, bí omi bá wà bí kò sí, ìwọ̀n eré yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì á máa sá. Iná tó ń jẹ ló yẹ kí mítà Bàbá máa fi hàn. Òun gan-an ló fi ọwọ́ ara òun gbé ọwọ́ mítà sórí ìlà Pierina, ọwọ́ mítà náà sì dúró síbẹ̀ tó ń parọ́ fún arúgbó náà títí pọ́ńpù fi jóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èmi ni ẹni rere inú ìtàn yìí. Ibi kékeré nibí. Àṣìṣe kan tí ènìyàn ṣe lọ́dún tí ìjì ńlá jà, wọ́n ṣì ń fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ níbi ìsìnkú. Mo sì ti ń ṣọ́ orúkọ ọkọ mi fún ọdún mẹ́tàlélógójì.

Mo ní, "Rọ́bà ìpàwérẹ́ wà nídìí pẹ́ńsù ẹ. Pa á rẹ́, kó o yí i padà, kó o pa ilẹ̀kùn dé. Sọ pé mítà yẹn ló bàjẹ́. Bàbá á ṣì gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Kò bínú sí mi. Ì bá sàn kó bínú.

Ó ní, "Bàbá sọ òótọ́ fún wọn, Nives. Wọ́n ní ojú ẹ̀ ni. Tí mo bá ní mítà ló bàjẹ́, wọ́n á ṣì máa sọ pé ẹni tójú ẹ̀ dáa ì bá ti rí i." Ó pọ́n pẹ́ńsù rẹ̀. "Lọ bá mi pè wọ́n wá. Àwọn méjèèjì."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; èmi gan-an ni mo fẹ́ fi irọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń lọ.

Bàbá wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, báàgì aṣọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Mo ní Gavan ń pè é. Ó dìde láìbéèrè ìdí, ó sì ń lọ níwájú, ó mọ ọ̀nà náà lẹ́sẹ̀. Mo dúró de Renzo kó sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata. Renzo kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ìrèké rẹ̀ ti ń gbẹ, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń gbé Bàbá lọ rí dókítà ní Townsville, òun kì í ráyè.

Ó ń bá mi rìn, ó ní, "Ẹ̀yin rò pé inú mi dùn sí i ni, àǹtí? Ó ti lé lọ́dún kan tí ò wojú mi mọ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ògiri ló máa kọjú sí. Kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ rárá ló ti ń bínú sí mi."

Mo dúró sójú ọ̀nà.

"Renzo, ṣé wọn ò sọ fún ẹ bójú ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni? Àárín ni ò ríran. Ohun tó bá fẹ́ rí ló ń gbójú kúrò lára ẹ̀. Ìwọ ló ń wò."

A jọ rìn dé àgọ́.

Gavan ní kí Renzo ka ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó kà á sókè kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó sì gùn ju èyí tó sọ lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi lọ. Ó ní ọwọ́ mítà kò kúrò lórí ìlà gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, torí òun lòun so ó mọ́ ohun tí kò yẹ. Ó ní òun lòun jó pọ́ńpù náà, kì í ṣe ojú Bàbá. Ó ní kí Bàbá dárí ji òun. Ó fa ìlà kan la ohun àtijọ́ náà kọjá láì pa á rẹ́, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀: *Àṣìṣe mi. Iná tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. G.S.* Bàbá Ilario nawọ́, ó wá èjìká rẹ̀ rí, ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Gavan fara dà á.

Renzo tún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kà. Ó wá béèrè bóyá àpótí kò lè paná fúnra rẹ̀ tí iná tó ń jẹ bá ti dín kù. Gavan ní ó lè ṣe é, kò gba ìṣẹ́jú méjì, òun sì máa ṣe é. Mo rí i tí Bàbá gbá etí àga rẹ̀ mú, torí ó yé e ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ: bí àpótí bá lè ṣọ́ ara rẹ̀, kí ni wọ́n ń fi arúgbó ṣe?

Gavan ní, "Nísàlẹ̀ pátápátá ni màá fi ibi tí àpótí á ti paná sí, nítorí ọjọ́ tí Bàbá bá sùn lọ. Tó bá fi máa débẹ̀, pọ́ńpù á ti jìyà. Bàbá máa ń rí i kó tó débẹ̀. Renzo, lọ síta, kó o máa yí ẹnu páìpù díẹ̀díẹ̀. Má sọ ìgbà tó o máa bẹ̀rẹ̀."

Ó tẹ nọ́ńbà mélòó kan lójú àpótí, ó tan pọ́ńpù, ó tún ọwọ́ mítà ṣe títí ó fi padà sórí ìlà. Renzo jáde. Bàbá jókòó lórí àga onírin rẹ̀, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mítà, ó ń wo ilẹ̀kùn. Gavan fi ìka sórí ohun tí wọ́n fi ń paná. Èmi tẹjú mọ́ ọwọ́ mítà náà, kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀.

Bàbá ní, "Ó ń gbọ̀n."

Mo tún wò ó, ó dúró sójú kan lójú tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún arúgbó náà nínú.

Ó ní, "Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Pa á, Gavan."

Gavan paná. Kí ìka rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ mítà ti kúrò lórí ìlà ní ìwọ̀n èékánná kan. Renzo sáré wọlé, ó ń béèrè kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n tètè paná sí, òun kò tíì yí i dé ìdajì.

Renzo wo bàbá rẹ̀, ó wo mítà. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó fi kọ́ sórí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, níbi tó máa ń wà látìgbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé.

Ó ní, "Papà, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sáyè ẹ̀."

Bàbá Ilario yí ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ń bínú. Renzo kò kúrò níbẹ̀. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lè tàn sí i lójú, ó sì dúró kí bàbá rẹ̀ wò ó tẹ́rùn.